Ìwé títẹ̀ àti fídíò orí fóònù: èwo ló ń kọ́ni jù?

Nígbà tí Johannes Gutenberg, òǹtẹ̀wé kan, fi ẹ̀rọ tẹ Bíbélì ní ìlú Mainz, ní Jámánì, ní nǹkan bí ọdún 1455, kì í ṣe iye ìwé nìkan ló pọ̀ sí i. Ẹni tí kò rí olùkọ́ lè dá jókòó ti ìwé, kó bá òǹkọ̀wé jiyàn lọ́kàn ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú ìwé kì í sáré. Tí gbólóhùn kan bá ta kókó, o lè ṣí i padà sẹ́yìn, kó o wá ibi tí àlàyé náà ti wọ́.

YouTube dé ní 2005. Níbi iṣẹ́ ọwọ́, ìwé ò lè bá fídíò díje rárá: bí wọ́n ṣe ń so okùn, bí ìka ṣe ń rìn lórí gìtá, ojú la fi ń kọ́ ọ.

Àmọ́ ti fídíò kéékèèké tó ń yọ tẹ̀léra wọn yàtọ̀. Ètò kọ̀ǹpútà ló ń yan èyí tó kàn, ó sì ń wo bó o ṣe pẹ́ tó lórí èyí tó kọjá. Kò béèrè bóyá ohun tó o wò yé ọ. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù, pàápàá fún àwọn ọmọdé: ìdáhùn ń dé kí ìbéèrè tó gbó lọ́kàn wọn. Tó bá dọ̀rọ̀ ìtàn tàbí òfin, ìwé ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé wọn lọ́wọ́, kí fídíò tó tẹ̀ lé e.