Silica gel tó ń dáàbò bo kámẹ́rà nígbà òjò: àyẹ̀wò láti Ilé-Ifẹ̀

Láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ló ń ba kámẹ́rà jẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ ju òjò fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rinrin náà bá ti kọjá nǹkan bí 60% nínú yàrá, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, inú lẹ́ǹsì á bẹ̀rẹ̀ sí í bu bí búrẹ́dì ṣe ń bu, ohun tó bu náà á sì máa jẹ ẹ̀yà tín-ín-rín tí wọ́n fi bo gíláàsì. Bí ó bá ti dé bẹ̀, nínù kò lè dá a padà mọ́.

Láti dènà èyí, silica gel oníhóró aláwọ̀ ọsàn ni mo ń lò, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn gidigidi. Àwọn ihò tíntìntín ara hóró rẹ̀ ló ń fa omi mọ́ra, àwọ̀ rẹ̀ a sì máa yí sí àwọ̀ ewé bí ó bá ti yó, nítorí náà ojú lásán ti tó láti mọ ìgbà tó yẹ kí a yan án. Nǹkan bí 110 dígírì Celsius nínú ófùnù, fún wákàtí kan sí méjì, ni yóò dá àwọ̀ ọsàn rẹ̀ padà. Bí iná bá pọ̀ jù, aró ara rẹ̀ á bàjẹ́. Inú ìgò tí a dé pa ni kó ti tutù, nítorí pé bí a bá fi í sílẹ̀ ní gbangba, kíá ni yóò tún ti máa mu omi. Irú tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n májèlé ni cobalt chloride tó ń fún un ní àwọ̀ yẹn, n kò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni tó ní ọmọdé nílé rà á.

Àwọn onífọ́tò mìíràn ń lo ìrẹsì. Kò lágbára, ìyẹ̀fun rẹ̀ á kó sábẹ́ bọ́tìnì, kòkòrò á sì tẹ̀ lé e. Iyọ̀ tilẹ̀ burú jù: kì í fa omi dáadáa àfi bí ọ̀rinrin bá kọjá 75%, nígbà tí lẹ́ǹsì ti wà nínú ewu, omi iyọ̀ sì ń jẹ irin. Calcium chloride tí wọ́n ń tà fún kọ́bọ́ọ̀dù ń fa omi púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo omi náà ló ń dúró sísàlẹ̀ ike rẹ̀. Ẹ má ṣe gbé e sínú àpótí kan náà pẹ̀lú kámẹ́rà láé.

Ike tí a ó kó kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì sí ṣe pàtàkì bíi silica gel náà. Kó tó di pé mo ra ike, mo máa ń fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ há ìdèrí rẹ̀, n ó sì fà á ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tí bébà bá yọ wọ́ọ́rọ́wọ́ níbì kan, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé nìyẹn.

Silica gel kò lè gba kámẹ́rà lọ́wọ́ ìkùukùu tó ń bo lẹ́ǹsì bí a bá gbé e jáde láti inú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù sínú ooru àdúgbò Lágere níta. Inú báàgì ni kó wà títí ara rẹ̀ yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nígbà ọyẹ́, kí a dín silica gel kù, nítorí pé ọ̀rinrin tó bá lọ sísàlẹ̀ 30% lè ba rọ́bà kámẹ́rà jẹ́. Fún ẹni tó ní kámẹ́rà kan àti lẹ́ǹsì díẹ̀, mo fọwọ́ sí silica gel ju àpótí oníná tó ń lé ọ̀rinrin lọ, nítorí pé kò sí ìgbà tí iná mànàmáná tó bá lọ lè dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró.