NVDA: ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń kàwé fún akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran

NVDA ni ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ohùn ka ohun tó wà lójú kọ̀ǹpútà síta. Ẹ má ná kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran, ará Ọsirélíà tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006. Orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan ní láíbìrì ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ kò ríran. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kàwé fún un tẹ́lẹ̀. Bí ìdánwò bá wá kù sí dẹ̀dẹ̀, ta ló ráyè?

Ibi tó ti wú mi lórí jù ni wíwá ìwé lórí Google. Ọmọ náà á tẹ H, ohùn á pe àkọlé kìn-ín-ní. Á tún un tẹ̀, ó di ìkejì. Èyí tí kò wúlò, á ti fò ó kí ohùn tó parí ọ̀rọ̀. Àwọn olójú méjì wa, èyí tó bá kọ́kọ́ yọjú ni wọ́n ń dà sínú iṣẹ́ wọn, wọn kì í wo ẹni tó kọ ọ́!

eSpeak, ohùn tó bá a wá, ń pe Ìjẹ̀bú bí ẹni tó fi iṣu gbígbóná sẹ́nu. Ẹ sì mú íápíìsì dání o.

Háńdáàtì ló ń dá wa lágara. Olùkọ́ á fi fóònù ya ìwé àtijọ́, á sọ ọ́ di PDF, ó di orí WhatsApp. Àwòrán lásán ni, NVDA á yadi. Títẹ Insert pẹ̀lú R lè fa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde lórí Windows 10 tàbí 11, àmọ́ bí òjìji ọwọ́ bá wà lójú ìwé, játijàti ló ń kà. Ọmọ náà ní, “Antí, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n fi Word tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́.” Àwọn kan ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ kan ní àwọn tó ń fetí kẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni NVDA wà fún. Mi ò gbà. Pashler, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, àti ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ọ̀rọ̀ pípín akẹ́kọ̀ọ́ sí “olójú” (tó ń fojú kẹ́kọ̀ọ́) àti “elétí” yìí wò ní 2008, wọn ò rí ẹ̀rí tó tó. Àwọn tó ríran náà ń wá gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n kọ níbẹ̀, kí wọ́n lè mú àṣìṣe inú rẹ̀.

Ó ṣeé gbé sórí fúláàṣì lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Nínú máàkì 10, mo fún un ní 8. Méjì tó kù di ọjọ́ tó bá gbọ́ Yorùbá.