Kíláàsì Ìrọ̀lẹ́ àbí Ọdún Kan Gbáko: Ọ̀nà Méjì sí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn ní Amẹ́ríkà

Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ di dókítà ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn tó ti gboyè nínú ìmọ̀ mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka báyọ́lọ́jì, kẹ́místìrì àti físíìsì, pẹ̀lú iṣẹ́ yàrá-àyẹ̀wò wọn. Harvard Extension School, ẹ̀ka Yunifásítì Harvard tó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́, ń kọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́. Bí ènìyàn bá ń ka kọ́ọ̀sì méjì ní sáà kan, ó lè gbà á ní ọdún méjì, ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ kò ní dúró. Yàrá-àyẹ̀wò gan-an ló le: ẹni tó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ yóò tún máa ṣọ́ kẹ́míkà tó ń kán tó, tó, tó sínú ìgò, nígbà tí oorun ti ń kùn ún.

Ojú-mọmọ ni ti Bryn Mawr College, ní Pennsylvania. Ó ń parí láàárín nǹkan bí ọdún kan, nítorí náà dandan ni kí ènìyàn fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èrè ibẹ̀ ni àdéhùn tó ní pẹ̀lú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn kan, èyí tó lè gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ ọdún kan tí ì bá fi dúró de ìgbaniwọlé. Ẹni tó ní ọmọ tàbí gbèsè, ti ìrọ̀lẹ́ ni màá ní kó mú.