Ẹgbẹ́ àwọn tó ń lo SolidWorks ní Texas: mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin

Bí iṣẹ́ yín bá jẹ mọ́ fífi sọ́fúwià SolidWorks yàwòrán ẹ̀rọ tàbí irin lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń lò ó sì wà ní ìlú yín, ẹ lọ. Ọ̀fẹ́ ni, oúnjẹ ń bẹ níbẹ̀, ẹ sì máa gbọ́ ohun tí ẹ ò lè gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà á fún yín. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, màá sọ ibi tí ìkarùn-ún bọ́ sí. Texas ni mò ń gbé. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń gé irin, tí wọ́n ń ká a, tí wọ́n sì ń jó o pọ̀ ni mo ti ń yàwòrán: férémù tí wọ́n ń gbé pọ́ǹpù ilé iṣẹ́ epo kà, àtẹ̀gùn onírin, táǹkì. Mi ò ní dárúkọ ìlú tí ẹgbẹ́ náà wà, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ bá olórí ẹgbẹ́ wa jà. Èèyàn dáadáa ni.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí: ọdún 1993 ni Jon Hirschtick dá ilé iṣẹ́ SolidWorks sílẹ̀ ní Massachusetts, sọ́fúwià náà jáde ní 1995, Dassault Systèmes ti ilẹ̀ Faransé sì ra ilé iṣẹ́ náà ní 1997. Àwọn tó ń lò ó máa ń kó ara wọn jọ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, SWUGN sì ni orúkọ àjọ tó so àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké yìí pọ̀. Àwọn oní-AutoCAD, sọ́fúwià ìyàwòrán míì, ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú; 1990 ni tiwọn, tí wọ́n ń pè ní AUGI báyìí, ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa tó kọ́ṣẹ́ nílé ló jẹ́ pé AutoCAD la bá wá, nítorí náà orúkọ AUGI lè má ṣàjèjì sí yín. Olórí ẹgbẹ́ SolidWorks ní ìlú kan kì í gba owó oṣù níbẹ̀. Aṣàmúlò bíi tiwa ni, ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́sàn-án, òun náà ló sì ń wá yàrá, tó ń wá ẹni tó máa sọ̀rọ̀, tó ń fi ìmeèlì ránṣẹ́ sí wa. Owó písà sábà máa ń ti ọwọ́ alágbàtà wá, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń ta sọ́fúwià náà ní agbègbè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ písà yẹn sọ́kàn.

Ìpàdé máa ń bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, nínú kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tàbí ní ọ́fíìsì alágbàtà. Ẹ ó kọ orúkọ, ẹ ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ ó jẹun. Ẹnì kan á sọ̀rọ̀, wọ́n á sinmi díẹ̀, ẹlòmíì á sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fa nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì jáde: fáńẹ́ẹ̀lì, ife, nígbà míì ìwé tí èèyàn fi ń ṣe CSWP, ìdánwò ìwé ẹ̀rí SolidWorks, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níwájú dára, àmọ́ kì í ṣe òun gan-an ni mò ń bá lọ. Àkókò ìsinmi yẹn ni. Nígbà náà ni ẹni tó ń yàwòrán àga ilé ìwòsàn á jókòó ti ẹni tó ń yàwòrán fáàfù, tí kálukú á ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Ẹ gbọ́ èyí. Fáìlì kan wà lọ́wọ́ wa tí ẹni tó ṣáájú mi níbi iṣẹ́ fi sílẹ̀, férémù ńlá kan. Tí mo bá fẹ́ yí i lójú kọ̀ǹpútà, ó lè dì fún ìgbà pípẹ́ kó tó mira. Ọ̀gá mi ti fẹ́ ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí ẹ̀. Ọkùnrin kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ní kí n ṣí Performance Evaluation. Ó ti wà nínú sọ́fúwià náà tipẹ́, lábẹ́ Evaluate. Ó máa ń to àwọn ẹ̀yà inú férémù lẹ́sẹẹsẹ, yóò sì fi hàn yín èyí tó wúwo jù nínú wọn. Èyí tó léwájú kì í ṣe pọ́ǹpù, kì í ṣe táǹkì. Bóòtì (bolt) ni! Bóòtì kékeré tí wọ́n mú láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ya ojú ìlọ́ (thread) rẹ̀ yípo-yípo bí ó ṣe rí gan-an, tí wọ́n wá tò káàkiri férémù ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Gbogbo ìgbà tí férémù bá yí, kọ̀ǹpútà ní láti ya gbogbo ìlọ́ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà ní kí n pa ìlọ́ náà rẹ́ kúrò lára bóòtì, kí n fi cosmetic thread rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn kò ju ìlà róbótó kan lọ, tó ń sọ fún àwòrán iṣẹ́ pé ìlọ́ wà níbí àti bó ṣe tóbi tó. Ó tún fà mí lọ síbi Image Quality, níbi tí ọ̀pá kan wà tí a fi ń pinnu bí àwòrán ṣe máa dán tó lójú kọ̀ǹpútà, ó ní kí n wo ibi tí wọ́n fa ọ̀pá náà dé. Wọ́n ti fà á dé òpin. Nígbà tí a ṣe méjèèjì tán, férémù ń yí wọ̀ọ̀rọ̀wọ̀. Ọ̀gá mi ò ra kọ̀ǹpútà mọ́, èyí tó dùn mí díẹ̀.

Ó wà nínú ìwé ìlànà sọ́fúwià náà, mo mọ̀. Ta ló ń kà á?

Ohun kejì tí mi ò lè gbàgbé ti ọ̀dọ̀ bàbá kan wá. Kì í tilẹ̀ yàwòrán. Ẹ̀rọ tó ń ká irin ni iṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé ọmọ ilé iṣẹ́ wọn wá. Orúkọ àbísọ ni gbogbo ẹgbẹ́ ń pè é, èmi ò lè ṣe é, «sir» ni mò ń pè é, ó sì ti sú u láti máa bá mi wí. Ọ̀rọ̀ K-factor là ń sọ. Ẹ mọ̀ pé tí a bá ká irin pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn ibi tó ká máa fà, inú rẹ̀ á sì sún kì. Ìlà kan wà láàárín méjèèjì tí kò fà tí kò sún kì, K ló sì ń sọ ibi tí ìlà yẹn wà nínú nínípọn irin náà. 0.5 túmọ̀ sí àárín gbùngbùn. Lẹ́nu iṣẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 0.3 sí 0.5. Ọ̀pọ̀ nínú wa kàn ń fi iye tí SolidWorks bá gbé wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí irin bá wá dé ibi tí wọ́n ti ń jó o, ihò ò ní bá ihò mu.

Bàbá náà ní, «Ẹ má bi kọ̀ǹpútà. Ẹ bi irin.» Ó ní kí a gé èyí tó gùn ní 100 mm gééré lára irin tí a máa lò gan-an, kí a ká a sí 90 dígírì lórí ẹ̀rọ tó máa ṣe iṣẹ́ náà, kí a fi káàlípà wọn apá méjèèjì láti ìta, kí a ro wọ́n pọ̀. Ó máa ju 100 lọ. Tí irin 3 mm bá fún yín ní 105.4, 5.4 tó lé yẹn ni ẹ máa kọ síbi Bend Deduction, ìyẹn iye tí sọ́fúwià máa yọ kúrò nítorí ibi tó ká, kò sí pé ẹ tún ń méfò K kankan. Tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹnu ẹ̀rọ, tàbí irin dé láti ọ̀dọ̀ olùtajà míì, ẹ tún un gé. Ẹni tó sọ èyí kò ní slide kankan, fóòkì písà ló fi ń júwe. Láti ọjọ́ yẹn, ihò bá ihò mu lọ́dọ̀ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó yá, ẹjọ́ mi. Ẹni tó ra písà ló ni àga iwájú. Ní ìgbà ìwọ́wé tí ẹ̀dà tuntun bá ti fẹ́ jáde, ìpàdé á di ìpolówó ọjà. Aṣojú alágbàtà á dé pẹ̀lú slide, á fi ohun tuntun hàn wá, á sọ̀rọ̀ ìkùukùu (cloud), ìyẹn fífi fáìlì pamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, á sọ̀rọ̀ owó ọdọọdún, àkókò ìsinmi á sì kúrú. Tí èèyàn bá béèrè ìdí tí àṣìṣe kan tó ti pẹ́ kò ṣe tíì kúrò, ó máa rẹ́rìn-ín, á ní òun á bá àwọn ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ìràwọ̀ tó bọ́ nìyẹn. Ẹ wo bí a ṣe pẹ́ tó tí à ń bẹ̀bẹ̀ pé kí fáìlì tí a ṣe nínú ẹ̀dà tuntun lè ṣí nínú ti àtijọ́. Ẹ̀dà 2024 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí a lè fi í pamọ́ fún ẹ̀dà tó ṣáájú, kò sì lè ju ẹ̀dà méjì sẹ́yìn lọ. Mo gbà pé ariwo àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí wà lára ohun tó fà á, torí wọ́n máa ń kó ẹ̀bẹ̀ jọ, wọ́n á sì gbé e lọ sí àpéjọ ọdọọdún. Àmọ́ ẹni tó ń retí pé ẹgbẹ́ ìlú máa bá òun jà fún owó tàbí fún àtúnṣe, kó má retí.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, wọn ò kàn ní kọ ọ́ sára ògiri. Mo mú àbúrò kan lọ, ọmọ Ìbàdàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tó ka ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ní pólì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà. «Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo kàn lè wọlé bẹ́ẹ̀? Mi ò ní láísẹ́ńsì tèmi o.» Mo ní, «Wọlé, jẹun. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́.» Kò sẹ́ni tó bi í lóòótọ́. Nígbà tó yá, ó ṣí àwòrán ẹ̀rọ ìgé ẹ̀gẹ́ tó fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá, àwọn méjì kan tẹ orí lé e, wọ́n ń béèrè bí abẹ ṣe dúró lára ọ̀pá. Ọ̀kan fún un ní ìmeèlì, ó ní kó fi àwòrán náà ránṣẹ́. Ọ̀nà kan nìyẹn jẹ́. Fún ẹni tí kò ní láísẹ́ńsì, SolidWorks for Makers wà tí kò wọ́n, àmọ́ fáìlì rẹ̀ ní àmì lára, kì í sì í ṣí nínú èyí tí ilé iṣẹ́ ń lò, nítorí náà ẹ má fi ṣe iṣẹ́ oníbàárà.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ gbé ìṣòro kan dání. Ẹ lo Pack and Go kí gbogbo ẹ̀yà tẹ̀ lé fáìlì náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa débẹ̀, férémù á ṣí láìní ẹsẹ̀. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá yín kí ẹ tó fi iṣẹ́ oníbàárà han ẹnikẹ́ni. Tí kò bá gbà, ẹ ya irú rẹ̀ kékeré fúnra yín. Ẹ sì tètè dé. Àwọn tó mọ irin jù nínú ẹgbẹ́ máa ń jókòó sẹ́yìn, wọ́n sì sábà máa ń lọ kí wọ́n tó fa nọ́ńbà, torí aago márùn-ún àárọ̀ ni iṣẹ́ tiwọn.