Ọdún mẹ́rìnlá nídìí C++, kí ló wá gbé mi dé ìdí Rust?

Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi C++, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, jẹun, nítorí náà kì í ṣe àìríṣẹ́ṣe ló sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ padà. Ìpè aago méjì òru ni. Ètò tí mo kọ fún oníbàárà kan ló dákú. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wá a kí n tó rí i pé apá kan kóòdù náà ti tú mẹ́mórì sílẹ̀, tí apá kejì ṣì ń tọwọ́ bọ ibẹ̀ bíi pé tirẹ̀ ni.

Ìyẹn ló gbé mi dé ìdí Rust, èdè ìkọ-ètò mìíràn tó ń dènà irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Graydon Hoare ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006, nígbà tó wà ní Mozilla, ilé-iṣẹ́ tó ṣe Firefox, ẹ̀dà 1.0 jáde lóṣù Karùn-ún ọdún 2015. Òfin rẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló ni nǹkan. Àwọn tó kù lè yá a wò, àní kí wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ tún un ṣe, kí gbogbo wọn kọ́kọ́ dá a padà. Ìyá àgbà mi kì í yá ènìyàn ní odó láì béèrè ọjọ́ tó ń padà bọ̀. Àfi bíi pé òun ló kọ compiler Rust, ètò tó ń yẹ kóòdù wò, tó sì ń sọ ọ́ di ohun tí kọ̀ǹpútà lè ṣe.

Oṣù kìíní fojú mi rí màbo. Mo kọ `let b = a;`, èyí tó gbé nǹkan tí `a` ní fún `b`, mo wá fẹ́ tẹ `a` jáde. Compiler ní "borrow of moved value" (o fẹ́ yá nǹkan tó ti kúrò níbẹ̀), ó sì fi ìlà tí nǹkan náà ti kúrò lọ́wọ́ mi hàn mí. Ojú tì mí.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló wá gba ọkàn mi. Mo bi `"ọ́".len()` wò, láti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ní báìtì, ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, ó ní 5: mẹ́ta fún ọ, méjì fún àmì ohùn. Mo ní kó fún mi ní `s[0]`, ìyẹn ẹyọ àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ó kọ̀ jálẹ̀, kí n má baà gé lẹ́tà sí méjì. Ẹ ò mọ iye orúkọ oníbàárà tí mo ti gé sí méjì ní C++ kó lè bá rìsíìtì mu, tí àmì ìbéèrè wá jókòó síbi tó yẹ kí ọ wà! Ṣùgbọ́n kò tíì pé o: `chars().count()`, tí ènìyàn lè rò pé lẹ́tà ló ń kà, ṣì ń ka ọ́ sí méjì, àfi kí ẹ fi àfikún mìíràn sí i.

Cargo, irinṣẹ́ Rust tó ń kó àfikún jọ tó sì ń kọ́ iṣẹ́, dára, kò sí àròyé. Àròyé mi ni pé compiler náà lọ́ra. Mo lè ro ẹ̀bà kí n sì jẹ ẹ́ tán kó tó parí iṣẹ́ ńlá.

Apá tó dákú lóru yẹn nìkan ni mo tíì tún kọ. Ìyókù ṣì wà ní C++, mi ò sì kánjú.