Wọ́n fi ọmọ mi sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè

Láti ọjọ́ Sátidé ni inú ti ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ jáde.

Ilé-iṣẹ́ kan wà ní Àkúrẹ́ tó máa ń kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde lọ kẹ́kọ̀ọ́ nínú igbó àti lórí òkè. Mo sanwó ọmọ méjì, mo san tèmi náà, ₦15,000 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Aago méje ni wọ́n dá fún wa, aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀ ni bọ́ọ̀sì dé. Mo gbójú fo ìyẹn. Dírẹ́bà rọra wa ọkọ̀, wọ́n sì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àti pẹ́ńsù láti ya ohun tó bá rí. Ìyẹn wù mí gan-an.

Àtẹ̀gùn Ìdànrè lé ní 600, ibi ìsinmi márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà. Ọwọ́ àbúrò ni mo dì mú, ọmọ ọdún mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà lọ́wọ́ tíṣà tí wọ́n ní òun ló máa rìn gbẹ̀yìn.

Nígbà tí mo dé òkè, mo bá tíṣà yìí níwájú, ó ń to àwọn ọmọ kí wọ́n ya fọ́tò.

"Àǹtí, ọmọ mi dà?"

Ó kà wọ́n. Ó tún wọn kà. "Ó ní òun fẹ́ sinmi díẹ̀, mà. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn."

Ó rò! Máníjà wọn ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ọmọ ò lè sọnù lórí àtẹ̀gùn. Bó ṣe ń sọ ọ́, fóònù rẹ̀ ló ń tẹ̀. Kò bá mi gbé ẹsẹ̀ kan.

Mo fa àbúrò lé ìyá kan lọ́wọ́, mo sáré sọ̀kalẹ̀. Orúnkún mi ń gbọ̀n. Ibi ìsinmi kẹrin, kò sí níbẹ̀. Kí n tó dé ìkẹta ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń rín.

Bàbá kan tó máa ń mú àlejò gun òkè ló bá a níbi tó ti ń sunkún, ló bá jókòó tì í. Àwọn méjèèjì ló lóṣòó síwájú àpáta.

"Mọ́mì, ẹ rọra! Ẹ má dẹ́rù bà wọ́n."

Mo tẹ̀ ba. Omi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń sun lára òkúta bí òógùn níwájú orí. Àwọn nǹkan dúdú kan lẹ̀ mọ́ ọn, wọn ò ju hóró ẹ̀gúsí lọ, wọ́n nírù. Ọmọ mi na ìka, wọ́n sì fò lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ ọ̀pọ̀lọ́ ni," Bàbá wí. "Ti ibòmíràn ń gbé inú ọ̀gọ̀dọ̀. Ti wa, ara àpáta ni."

Mo wá a kà nígbà tí mo délé. Òkè Ìdànrè nìkan ni àwọn onímọ̀ mọ ọ̀pọ̀lọ́ yìí sí. Ọdún 1963 ni wọ́n kọ nípa rẹ̀, ó sì tó nǹkan bí 50 ọdún kí wọ́n tó tún rí i. Bàbá ní láti kékeré lòun ti ń rí i ní tòun.

Bàbá yìí kan náà ló sìn wá dé ààfin àtijọ́, tó fi àwọn òpó gbígbẹ́ han ọmọ mi, tó sọ bí ìlú ṣe kó sọ̀kalẹ̀ ní 1923. Lọ́dọ̀ àwọn tiwa, fóònù ni tíṣà kan ti ń ka ìtàn kan náà, kò sí ọmọ tó ń gbọ́.

Máníjà ò tíì pè mí di òní. Tíṣà obìnrin yẹn ló wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kúnlẹ̀. Ó ní òun nìkan ni wọ́n fi sẹ́yìn ọmọ 23, òun náà ni wọ́n sì gbé kúlà omi lé lórí. Mo gbé e dìde. Ọmọ ẹni ẹlẹ́ni ni, ọ̀gá rẹ̀ ni mo ń bá jà.

Ọmọ mi ti ya ọ̀pọ̀lọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n tún ń lọ ní oṣù tó ń bọ̀, mo ti sanwó. Èmi ni máa rìn gbẹ̀yìn.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5.