Ilé àyẹ̀wò kan lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gba tí ó mọ iyì aago

Ilé àyẹ̀wò aládàáni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní àdúgbò kan lẹ́yìn Ojúẹlẹ́gba, ní Súrùlérè. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀sùn kan wà tí mo fi kàn wọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì parí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bá màmá mi débẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin, nítorí ìtọ̀ ṣúgà tí ó ti ń bá wọn fínra láti ọjọ́ pípẹ́.

Ohun tí ó mú wa kúrò níbi tí a ń lọ tẹ́lẹ̀ ní Mùṣin ni pé, ní ọjọ́ kan, a gbé ìtọ̀ Màmá débẹ̀ ní aago méje òwúrọ̀, ó sì wà lórí káńtà, nínú ooru, títí di ọ̀sán kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èsì sọ pé kò sí ṣúgà nínú rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n pé kòkòrò àìfojúrí pọ̀ níbẹ̀. Ó ya dókítà wọn lẹ́nu, nítorí pé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wọn ní ọjọ́ náà gan-an ti kọjá 180 mg/dL dáadáa, ìwọ̀n tí kíndìnrín sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí ṣúgà jò sínú ìtọ̀. Dókítà ni ó là wá lóye pé, bí a kò bá yẹ ìtọ̀ wò láàárín wákàtí méjì, tí a kò sì gbé e sínú fíríìjì, kòkòrò á bí sí i nínú rẹ̀, wọn á jẹ ṣúgà inú rẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí a rí á sì fọ́ dànù.

Ní Ojúẹlẹ́gba, aago ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Obìnrin tí ó gbà wá fún Màmá ní ike onídèérí, ó sì fi sùúrù ṣàlàyé fún wọn pé, “Màmá, ẹ kọ́kọ́ fi omi fọ ojú ara yín láti iwájú lọ sí ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ dà lọ, ti àárín ni kí ẹ gbè sínú ike.” Ara ike gan-an ni ó kọ orúkọ àti aago sí, kì í ṣe ara ìdérí, nítorí pé wọ́n lè ṣèèṣì fi ìdérí kan dé ike ẹlòmíràn. Ó tún béèrè bóyá Màmá ń lo fítámì Sí, ìbéèrè tí ẹnì kankan kò bi wá rí. Bí ó bá pọ̀ nínú ìtọ̀, ó lè bo ẹ̀jẹ̀ tàbí ṣúgà mọ́lẹ̀ lójú pélébé àyẹ̀wò tí wọ́n ń tì bọ inú ìtọ̀.

Ọ̀gá onímọ̀ àyẹ̀wò gbà kí n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Pélébé náà ní ojú mẹ́wàá tí ń pa àwọ̀ dà, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní àkókò tí a gbọ́dọ̀ kà á: ti ṣúgà ní ìṣẹ́jú àáyá 30, ti sẹ́ẹ̀lì funfun ní ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n da ìtọ̀ sínú ẹ̀rọ tí ń yí i bírí fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ lè silẹ̀, wọ́n sì wo gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ náà lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹni tí ó bá dúró sórí pélébé nìkan lè rí ẹ̀jẹ̀ tí àtọ̀sí ajá, àrùn tí aràn kan ń fà, mú wá, ṣùgbọ́n kò lè rí ẹyin aràn náà láéláé.

Pélébé sọ pé kò sí purotéènì. Mo ti ń dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà sọ fún mi pé ìgbà tí purotéènì bá ti pọ̀ ni pélébé tó ń rí i, bẹ́ẹ̀ sì ni díẹ̀díẹ̀ ni kíndìnrín ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà máa ń kọ́kọ́ jò. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ èsì pé kí dókítà ronú sí wíwọn albumin, irú purotéènì kan, mọ́ creatinine, ìdọ̀tí tí kíndìnrín ń sẹ́ jáde. Dókítà gbà, ti Màmá sì kọjá 30 mg/g, ìwọ̀n tí kò yẹ kí ó kọjá. Ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti fi sọ pé àrùn ti wà níbẹ̀, nítorí pé ibà tàbí iṣẹ́ agbára pàápàá lè gbé e sókè. Ó yẹ kí ó ga nínú méjì lára àyẹ̀wò mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí a fi lọ lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo rẹ̀ ni ó ga, Màmá sì ti bẹ̀rẹ̀ oògùn kí ẹsẹ̀ tó wú. Títí láé ni n ó máa dúpẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn.

Ní ti àwọn omi ara yòókù, àbúrò mi ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ níbẹ̀. Wọ́n béèrè iye ọjọ́ tí ó ti yàgò fún ìyàwó rẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó wà láàárín méjì sí méje, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò kí wákàtí kan tó pé. Wọn kì í gba omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n ní kí a máa gbé e lọ, mo sì rò pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń yẹ àwọn èròjà tí ara fi ń bá àrùn jà wò ni ẹ̀sùn mi wà. Kì í ṣe pé wọn kò mọṣẹ́: nígbà tí èmi fúnra mi ṣe àyẹ̀wò mẹ́dọ̀wú B, wọ́n yẹ HBsAg, ara kòkòrò àrùn náà, wò láti mọ̀ bóyá àrùn náà wà lára mi, wọ́n sì gbà mí níyànjú láti yẹ anti-HBs, èròjà tí ara fi ń dènà rẹ̀, wò pẹ̀lú, kí n lè mọ̀ bóyá mo nílò abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣùgbọ́n nígbà kejì tí a lọ, Màmá sọ pé ó ń rẹ àwọn díẹ̀, ni ẹni tí ń gbowó bá fi Widal, àyẹ̀wò ibà jẹ̀funjẹ̀fun (táífọ́ọ̀dù), kún ohun tí dókítà kọ. Èsì fi 1/160 hàn, òṣìṣẹ́ kan tí kò tíì dàgbà sì sọ fún wọn pé, “Táífọ́ọ̀dù ti wà lára yín, Màmá.” Wọn kò sùn lóru ọjọ́ náà. Láti 1896 ni Widal ti wà, èròjà tí ara ti pèsè ni ó sì ń wá, kì í ṣe kòkòrò náà gan-an. Ní Èkó, níbi tí ọ̀pọ̀ wa ti bá kòkòrò yìí pàdé rí, èròjà náà lè wà lára fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí ara ti yá, ibà mìíràn sì lè mú kí ó gòkè. Èsì ẹ̀ẹ̀kan kò tó láti sọ pé ibà jẹ̀funjẹ̀fun ń ṣe ènìyàn. Kí a gbin ẹ̀jẹ̀, kí a wo kòkòrò tí yóò hù níbẹ̀, kí aláìsàn tó lo oògùn, ni ó dára jù. Mo kọ̀wé sí wọn. Ọ̀gá gba gbogbo ohun tí mo sọ, síbẹ̀ nígbà kẹta tí a lọ, Widal ṣì wà nínú àpapọ̀ àyẹ̀wò tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri.

Owó wọn ga ju ti Mùṣin lọ, mo sì ń san án tinútinú. Ní oṣù tí ń bọ̀ a ó tún gbé ìtọ̀ Màmá lọ, ṣùgbọ́n n ó ka ìwé owó dáadáa, ohun tí dókítà bá sì kọ nìkan ni n ó san owó rẹ̀.